Bí Mo Ṣe Lọ Tọrọ Ilẹ̀ Alààyè ní Igbó Àìro

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó jókòó sínú oòrùn, kó bọ́ sábẹ́ ìbòòji, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ìdajì etí gbọ́. Èmi Ọdẹ́tóyìnbó ará Ìdí-Ẹmì ló ń sọ̀rọ̀, èmi tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ajóko nígbà kan. Ẹfọ̀n mẹ́rin ni mo ti pa. Ìmàdò tí mo pa, n kò mọye. Ẹkùn ti pàdé mi lójú ọ̀nà tóóró rí, òun ló yà fún mi. Ẹ má sọ pé mo ń fọ́nnu. Bí ọdẹ kò bá ròyìn ara rẹ̀, ṣé ẹran tó pa ni yóò bá a ròyìn? Síbẹ̀, nínú gbogbo ìrìn tí ẹsẹ̀ mi rìn nínú igbó, èyí tó le jù ni èyí tí ìbọn mi kò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé ohun tí mo lọ mú kò tóbi tó ohun tí ojú lè rí. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, rẹ́rìn-ín rẹ tán. Ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnu ẹga ló ń sọ pé ẹga ń pàtótó. Mo dúró dè ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń ṣáná sí koríko Ìdí-Ẹmì ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ni olórí rẹ̀. Àwọn ọdẹ yòókù á tò sí ìhà kan pẹ̀lú ìbọn àti kùmọ̀, èmi á tanná bọ ìhà kejì, ọ̀yà àti òkété àti ẹtu á sì máa sá bọ̀ wá bá wa bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Ibẹ̀ ni mo ti gba orúkọ Ajóko, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà ju orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ. Bí iná bá kú, àwọn àgbẹ̀ á ní eérú dára fún iṣu. Ó dára lóòótọ́ lọ́dún kìn-ín-ní, ó dára díẹ̀ lọ́dún kejì. Nígbà tó pẹ́, ilẹ̀ wa ṣá bí ojú aláìsàn. Wọ́n ra ajílẹ̀ òyìnbó, wọ́n dà á sí i. Wọ́n ra oògùn tí ń pa koríko, koríko kú, ekòló náà bá koríko lọ. Ilẹ̀ wá le débi pé bí òjò bá rọ̀, omi á kàn sáré gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ onílé.

Ìyàwó mi, Àyọ̀ká, ọmọ Ìlódò ni. Àgbẹ̀ ni, kò sí ọkùnrin tó lè kọ ebè tó o ní gbogbo àdúgbò wa. Ní ọjọ́ kan ó gbé àwo kan síwájú mi, iṣu mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó ju ìka ọwọ́ mi lọ.

"Bàbá Jọláadé, ẹ wo iṣu ọdún yìí."

"Mo rí i."

"Ẹ ò tíì rí i. Ẹ fọwọ́ gbé e." Mo fọwọ́ gbé e. Ó ní, "Ọdún kẹrin rèé. Bàbá mi ní ilẹ̀ nílé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún máa gbìn níbí. Bó bá tún rí báyìí, èmi àtàwọn ọmọ á lọ máa dáko ní Ìlódò, mo sì ti ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá kó wa nígbà ìkórè. N kò kọ̀ yín o. Ebi ni mo kọ̀."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti láya nílé. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa sọ. Ó fi sùúrù sọ ọ́, ó sì fọwọ́ nu ojú àwo náà, ó gbé e lọ. Èmi tí mo dojú kọ ẹfọ̀n tí n kò mira, n kò lè dojú kọ ẹ̀yìn obìnrin tó ń gbé àwo wọlé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni onímọ̀ ilẹ̀ kan dé ìlú wa, obìnrin kúkurú kan tó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, Dókítà Ìyíọlá lorúkọ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ awò kan dání tí ń sọ ohun tí ojú ò rí di ńlá. Ó bu ilẹ̀ oko Àyọ̀ká sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n wò ó. Mo wò ó, kò sí nǹkan kan tó mira. Ó ní ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó ní kòkòrò àìfojúrí nínú ju gbogbo èrò tó wà láyé lọ, àti pé àwọn ni òṣìṣẹ́ ilẹ̀: àwọn kan ń sọ ewé tó kú di oúnjẹ, àwọn kan ń fa ohun tó dára láti inú afẹ́fẹ́ wá fún gbòǹgbò, àwọn kan ń bá gbòǹgbò wá omi. Ó ní tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ibì kan wà ní gbogbo agbègbè yín tí ọkọ́ àti iná kò dé rí?" Gbogbo ìlú wo ilẹ̀, wọ́n ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo dá a lóhùn pé Igbó Àìro ni. Ilẹ̀ tí à ń kì ní ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ti ibẹ̀ kò tíì fi ọkọ́ yẹ orí rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ayé ti wà.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan wá láti ibi méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n mọ ibi tí mo ti bu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òun lè ya àwòrán igbó náà, kí a mọ irú òṣìṣẹ́ tó ń gbé ibì kọ̀ọ̀kan. Ó fún mi ní àpò ọ̀rá méje. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́ lọ́nà o. Bí ẹ ṣe máa ṣe é ni pé..."

Mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. "Dókítà, ta ló ń kọ́ ọdẹ bí a ṣe ń tọ́jú ohun tí a mú nígbó?"

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ojú mi rí nǹkan nítorí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo ti ń rìn, oòrùn ti gòkè dáadáa, mo dé ẹnu Igbó Àìro. Mo bá ọ̀gán gìrìwò kan tó dí ojú ọ̀nà pa. Mo fẹ́ gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, ọ̀gán náà sún sọ́tùn-ún. Mo gba òsì, ó sún sósì. Ìgbà náà ni mo rí i pé ó lójú méjì, ó sì ní ẹnu tó tó mẹ́tàdínlógún, ikán ń wọlé, ikán ń jáde ní gbogbo wọn. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu kan á bẹ̀rẹ̀, òmíràn á parí rẹ̀. Ẹnu ìsàlẹ̀ ní, "Ọmọ ènìyàn, ta ni," ẹnu òkè ní, "ọ́?" Mo gbé àyà sókè, mo ní èmi ni Ajóko ọkọ Àyọ̀ká, apẹfọ̀n-má-wẹ̀yìn. Bí mo ti dárúkọ Ajóko ni gbogbo ikán dúró gbagidi. Ẹnu kan là. Ó ní orúkọ yẹn kò dùn létí àwọn, ṣùgbọ́n àlejò ni mí, àlọ́ kan ni àwọn ó fi dán mi wò. Bí mo bá gbà á, kí n kọjá, bí n kò bá gbà á, kí n di ọ̀kan nínú ògiri àwọn. "Kí la sin láàyè tí kò bínú, tó tún bímọ sínú sàréè?"

Mo ní òkété ni, inú ihò ló ń bímọ sí. Ó ní, "Ta ló sin òkété?" Ó sì sún mọ́ mi. Mo ní ìgbín ni. Ó tún sún mọ́ mi, ikán bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilé sí mi lẹ́sẹ̀, amọ̀ tútù dé orókún mi. Ẹ̀rù bà mí, ará mi. Mo bá ń ro ilé. Mo rántí bí Àyọ̀ká ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sórí ebè, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ohun tó gbìn, tó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Mo kígbe pé, "Ẹ̀bù iṣu ni!" Ọ̀gán náà là sí méjì bí ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ àpọ́n ni mí, inú ògiri yẹn ni mo wà títí dòní.

Inú igbó náà tutù. Ewé tó ti kú ga dé ọrùn ẹsẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ohùn kan: "Gbé ẹsẹ̀ rẹ! O tẹ ọ̀rọ̀ tí ìrókò ń bá àràbà sọ!" Mo fò sẹ́yìn. Ìyá arúgbó kan ló jókòó sórí igi jíjẹrà, olú hù yí ọrùn rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń ran òwú funfun kan tó tín-ín-rín ju ti aláǹtakùn lọ, òwú náà sì ń gba abẹ́ ewé wọ inú ilẹ̀ lọ síbi gbogbo. Ìyá Olówùú ni mo pè é. Ó ní igi tó bá yó jù, òwú òun ló ń bá a gbé oúnjẹ fún èyí tí ebi ń pa. Igi tí kòkòrò bá ń jẹ, òwú òun ló ń bá a ké sí ará ilé rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo wá ṣe fún un. Ó ní, "Màá fi ibi mẹ́fà hàn ọ́. Ẹlẹ́ẹ̀keje, ìwọ nìkan ni wàá débẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ bàtà rẹ. Ojú ni ẹ̀yin ọdẹ fi ń mọ̀nà, ojú ò sì mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀. Bó o bá sì da àwọn èèyàn mi pọ̀ mọ́ra wọn, má padà wá mọ́. Ará abẹ́ ìrókò kì í ṣe ará etí odò. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀."

Mo bọ́ bàtà. Láti ìgbà tí ìyá mi ti bí mi, n kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ìrókò rọ̀, ó sì móoru díẹ̀. Etí odò tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ni láàárín ọmọ ìka. Ibi àpáta ní iyanrìn tó ń ta ni. Ìdí ọ̀pẹ tó wó ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni pé ó ń mí. Ní ibì kọ̀ọ̀kan mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo ju ewé igi ibẹ̀ kan sínú ọ̀rá, mo ta kókó sí okùn ẹnu rẹ̀: kókó kan fún àkọ́kọ́, méjì fún èkejì, títí dé mẹ́fà. Ṣé ẹ rí i pé àìmọ̀wé kò ní kí ọdẹ ṣìnà?

Ibi keje ni àárín gbùngbùn igbó. Ilẹ̀ dúdú ni, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti òjò àkọ́rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ náà dìde. Ó ga tó mi, ó ní orí, ó lápá, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, kì í ṣe ẹnì kan. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣí lọ ṣí bọ̀. Ó ní, "Àwa ni Àìlóǹkà. Má pẹ́ níwájú wa, nítorí ohunkóhun tó ti kú tó bá kàn wá, oúnjẹ wa ni. Dáhùn kíá. Ta ló ń jẹ gbogbo ẹni tó ń jẹ?"

Mo ní, "Ikú ni." Ó ní, "Ikú ń pa ni, kì í jẹun." Mo gbọ́ pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: àpò awọ mi ti hu funfun, ó já bọ́, kó tó kanlẹ̀ ó ti di ẹ̀tù. Mo ní, "Igún ni!" Ó ní, "Ta ló wá ń jẹ igún?" Ìdí ìbọn mi, igi gidi tí bàbá mi gbẹ́, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́, irin nìkan ló kù. Gbérí ọdẹ mi ya láti ọrùn. Ṣòkòtò mi, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dijú, ṣòkòtò mi ń lọ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ lókè. Mo kígbe pé, "Ilẹ̀! Ilẹ̀ ló ń jẹ gbogbo wa!" Ó ní, "Ilẹ̀ kò léyín. Ta ni eyín ilẹ̀?" Ṣòkòtò ti dé itan. Mo ní, "Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni, ẹ dákun!" Àìlóǹkà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dà bí òjò lórí ewé. Ó ní, "Bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Alààyè la fi lé ọ lọ́wọ́. Bó o ṣe gbà wá ni kó o gbé wa délé." Mo bù ú, mo sì ta eré. Ìhòòhò ọmọlúàbí ni mo fi jáde nínú igbó yẹn, pẹ̀lú irin ìbọn kan àti ọ̀rá méje. Ọ̀rá Dókítà nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Wọn ò mọ ohun tí wọn ó fi í ṣe.

Mo dé àgọ́ ọdẹ mi lẹ́yìn igbó, mo wọ aṣọ tí mo ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo jókòó, mo ń yin ara mi. Nígbà tí mo wo àwọn ọ̀rá náà, mo rí i pé omi ti ń sẹ̀ nínú wọn, òórùn kan sì ń jáde. Mo ní háà, ó ti fẹ́ bàjẹ́. Kí ni ọdẹ ń ṣe fún ohun tó fẹ́ bàjẹ́? Ẹran tí a kò yan, ìdin ló ni ín. Mo kan pẹpẹ, mo dáná sábẹ́ rẹ̀, mo wá àpáàdì méje, mo da ọ̀kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, n kò da wọ́n pọ̀ o. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi yan ilẹ̀. Ó gbẹ, ó ń dún ṣàràṣàrà. Kò sí ẹran tí mo yan rí tó gbẹ tó o.

Mo gbé e délé, Dókítà fi ojú sí awò. Ó gbé orí sókè, ó wò mí, ó tún fi ojú sí i. Ó wo gbogbo méjèèje. "Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?"

Mo fi ọwọ́ lu àyà. "Mo yan án ni!"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti yan wọ́n pa. Gbogbo wọn pátá." Àyọ̀ká dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀bù rẹ̀ sí méjì, agbọ̀n kan fún Ìdí-Ẹmì, agbọ̀n kan fún Ìlódò, ti Ìlódò sì ni ó pọ̀ jù. Mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo nu ojú, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí. Mo ní, "Dókítà, ẹ parí ọ̀rọ̀ tí mo já gbà lẹ́nu yín."

Ó parí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ rí iná, kò gbọdọ̀ rí oòrùn. Kí n fi aṣọ tútù wé e, kí n má fún ọrùn ọ̀rá pa nítorí wọ́n ń mí. Òjò kù díẹ̀ kó dé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọjọ́ kejì ni mo padà sọ́nà.

Ọ̀gán là fún mi láìpa àlọ́. Ó ní, "Wọ́n ń dúró," ẹnu kejì ní, "dè ọ́." Ìyá Olówùú kò gbójú sókè, ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà àárín igbó. Àìlóǹkà ti dìde kí n tó dé. Ó ní, "Àwọn tí a fi lé ọ lọ́wọ́ dà?" Irọ́ kan ti wà lẹ́nu mi, mo fẹ́ sọ pé odò ló gbé wọn lọ. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mo yan wọ́n pa. Àìmọ̀kan ni, ìgbéraga sì ni." Mo ní màá fi ewúrẹ́ méjì rọ́pò, màá fi ìmàdò rọ́pò. Ó ní, "Gbogbo ìyẹn á kú, a ó sì jẹ ẹ́. Ṣé ohun tó jẹ́ tiwa lo fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ? Fún wa ní iná." Mo yọ páálí ìṣáná lábẹ́ fìlà, mo nà án sí i. Ó ní, "Iná ọwọ́ rẹ kọ́. Mú un lọ, kó wà lọ́wọ́ rẹ, kó o má lè lò ó. Iná inú orúkọ rẹ la fẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún gbà! Mo rò ó. Mo rántí agbọ̀n méjì lẹ́yìnkùlé. Mo gbé irin ìbọn mi, mo fi ẹnu kàn án bí ọdẹ ti ń búra, mo ní láti ọjọ́ náà lọ, Ajóko ti kú, pé iná kò ní ti ọwọ́ mi wọ igbó mọ́ láéláé, ẹni tó bá sì fẹ́ ti iná bọ Igbó Àìro, àfi kó kọ́kọ́ gba orí mi kọjá. Àìlóǹkà wọlẹ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Bù."

Mo bù láti ibi méjèèje, mo wé e, mo sì ń bọ̀. Kò sí iná, nítorí náà gààrí àti ẹ̀pà ni mo ń jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nínú koríko gbígbẹ tó ga jù mí lọ, ẹfọ̀n kan jáde sí mi. Akọ ni, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìbọn mi kò nídìí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọdẹ tó wà níbí mọ ohun tó yẹ: ìṣáná kan péré, koríko á gbà, ẹfọ̀n á sá. Ọwọ́ mi ti dé abẹ́ fìlà. Mo fà á padà. Mo sáré dé ìdí igi ẹmì kan, mo fi eyín gbé okùn ọ̀rá, mo gùn ún bí ọ̀bọ, ìwo rẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, àpá rẹ̀ rèé. Ó kan igi náà títí oòrùn fi yí. Mo bú u, mo bú bàbá rẹ̀, mo sọ gbogbo ẹfọ̀n tí mo ti pa fún un lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tó sú u, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò dá iná.

Nígbà tí Dókítà fi ojú sí awò lẹ́ẹ̀kejì, ó fò sókè, ó ké bí ọmọdé, ó fà mí lọ́wọ́ pé kí n wá wò. Ará mi, wọ́n ń yí, wọ́n ń sáré, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, bí ọjọ́ ọjà! Mo bá ara mi tí mo ń kí wọn kú ìrìn. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í tó ń ya àwòrán Igbó Àìro. Ó ń wo ewé àti kókó okùn, èmi ń fi ẹsẹ̀ rántí: níbí tutù, níbí iyanrìn, níbí ilẹ̀ ń mí. Ó kọ orúkọ gbogbo wọn bí mo ṣe pè é. Ó gbé díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé ìwádìí, sínú òtútù, kí irúgbìn wọn má bàa run. Èmi sì pe ẹgbẹ́ ọdẹ. Àwọn kan kùn, wọ́n ní báwo ni a ó ṣe rẹ́ran. Mo ní kí wọ́n fẹsẹ̀ wá a, ṣé torí iná ni ìyá wọn ṣe bí wọn lọ́dẹ? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹnu kan irin. A ro ẹ̀gbẹ́ Igbó Àìro yíká kí iná mìíràn má bàa ráyè wọ̀ ọ́.

Dókítà kọ́ Àyọ̀ká bí a ti ń bọ́ ilẹ̀ alààyè náà lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ adìyẹ àti omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ méje di òkìtì. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bọ́ erùpẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sí ebè kọ̀ọ̀kan, ó fi koríko bo orí ebè, ó gbin ẹ̀wà sáàárín wọn, kò dáná sun pàǹtí kan. Nígbà tó yá, ekòló padà wá. Àyọ̀ká pè mí pé kí n wá wo ekòló, bí ẹni tí àlejò pàtàkì dé bá.

Nígbà tí ìkórè dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rin gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Ìlódò. Ojú wọn le. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn bó ti yẹ kí a ṣe fún àna. Láṣùpọ̀, àgbà wọn, ní, "Ọdẹ, a wá kó àbúrò wa." Mo ní ó wà lóko. A lọ bá a. Ó ń wa iṣu kan, iṣu náà kò jáde, ilẹ̀ dé e ní àyà. Ó ké sí wa pé kí ló dé tí a dúró tí à ń wo òun. Láṣùpọ̀ bọ́ agbádá. Ọkùnrin márùn-ún ni wá tó wọ inú kòtò yẹn. Nígbà tí iṣu náà jáde, gbogbo wa ṣubú sẹ́yìn, Láṣùpọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu erùpẹ̀ náà lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Àyọ̀ká, ilẹ̀ wa nílé kò rí báyìí mọ́."

Àyọ̀ká bu ilẹ̀ náà kún agbọ̀n kan, ó fi ewé tútù bò ó, ó gbé e sínú ọkọ̀ wọn, ó tò iṣu yí i ká. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní n kò lè wá mọ́. Iṣẹ́ pọ̀ lóko ọkọ mi."

Ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹni tó bá ń relé, kó rọra tẹ ilẹ̀ o.